Abẹ́rẹ́ Oṣù Kẹsàn-án

Ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí, wọ́n sì ré kọjá sí ibojì wọn láì dúró sọ fún wa ẹni tí yóò gbé ẹ̀sín náà sórí ìwọ̀n, tí yóò ní ó tó gẹ́ẹ́. Kàfáyàtù kọ́kọ́ gbọ́ òwe yìí lẹ́nu bàbá rẹ̀ nígbà tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ, ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ní Ìwó, níbi tó jókòó sí lábẹ́ tábìlì tó ń ṣa àjákù aṣọ. Oníbàárà kan ló fẹ́ kí wọ́n rán ṣòkòtò tó fún mọ́ òun nídìí bí awọ ìlù. Alhaji Mùsílíù dá a lóhùn pé, "Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ọ̀rẹ́ mi. Bí o bá fi èyí bẹ̀rẹ̀ kí ọba, yóò ya, ìwọ fúnra rẹ ni yóò sì máa wá ikú kiri." Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Kàfáyàtù náà rẹ́rìn-ín lábẹ́ tábìlì.

Ọdún méjìdínlógójì ti gorí ẹ̀rín yẹn. Nínú ilé kan ní Skokie, ní ilẹ̀ òyìnbó lókè òkun, níbi tí èèyàn ti ń gbọ́ reluwé bó ṣe ń wọ ibùdókọ̀, òwe kan náà ló wá di ohun tó ń lé Kàfáyàtù kiri láti yàrá dé ilé ìdáná.

Àìsàn tó mú Alhaji Mùsílíù kì í ṣe èyí tó ń pariwo. Iṣan ara ló ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, bí iná tí èèyàn ń pa láti yàrá dé yàrá nígbà tó bá fẹ́ jáde nílé. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló kọ́kọ́ lọ, ẹsẹ̀ òsì tẹ̀ lé e, ọwọ́ òsì tẹ̀ lé ìyẹn. Ojú ń ríran, etí ń gbọ́ràn, làákàyè mú bí abẹ. Ara ni kò jẹ́ ìpè mọ́. Dókítà ní kò sí oògùn rẹ̀. Ó ní bó bá gun àyà, èémí ló kàn.

Kàfáyàtù ṣe ohun tí ìyá rẹ̀ ì bá ṣe, ohun tí ìyá ìyá rẹ̀ náà ì bá ṣe: ó bò ó. A kì í sá àìsàn sóòrùn bí aṣọ. Ó sọ fún àwọn ará mọ́sáláṣí pé Alhaji ti lọ sílé, ó lọ sinmi ní Ìwó. Ó pa fóònù bàbá rẹ̀, ó tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀. Ó ń pa ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn dé. Ta ló mọ ẹni tí inú rẹ̀ yóò dùn? Ta ló mọ ahọ́n tí yóò ní, "Ẹ wo Mùsílíù tó ń rán agbádá fún ọba, ẹ wo bó ṣe dà"? Oṣù mẹ́jọ nìyẹn. Nínú oṣù mẹ́jọ náà, ẹni mẹ́ta péré ló ń wọ yàrá ẹ̀yìn: Kàfáyàtù, tí ọkọ rẹ̀ ti kú, Salihat, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, tó wà ní yunifásítì, àti Jeremy, ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó tí ilé ìwòsàn ń rán wá ní gbogbo ọjọ́ Àlàmísì láti yẹ ara bàbá wò.

Láàárọ̀, bí wọ́n bá ti kírun Àsùbá tán, Kàfáyàtù á wẹ bàbá rẹ̀. Á fi aṣọ bo ìdí rẹ̀, á yíjú sí ògiri, á máa ki oríkì rẹ̀ sókè kí ohùn lè bo ohun tí ojú ọmọ kò gbọdọ̀ rí. Lẹ́yìn ìyẹn á bu òrí sí àtẹ́lẹwọ́, á rà á títí yóò fi yọ́, á wá gbé ọwọ́ ọ̀tún bàbá rẹ̀ lé itan, á máa fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ láti èjìká dé ọmọníka. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Ní ilé àwọn arúgbó tó ti ń ṣe olùtọ́jú, kò sí ẹni tó mọ ara títẹ̀ tó o. Bó bá sì ń tẹ̀ ẹ́, á máa wí pé:

Àlàní, ọmọ abẹ́rẹ́.
Abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ.
Bàbá aṣọ tó ya, dókítà aṣọ tó gbó,
Ó dí ihò bí ẹni pé ihò kò síbẹ̀ rí.
Ọba wọ agbádá, ọba gbàgbé ẹni tó rán an;
Agbádá kò gbàgbé.
Àlàní, dìde. Ilẹ̀ ti mọ́, òwú ń bẹ nílẹ̀.

Ọwọ́ ọ̀tún yẹn nìkan ló kù tó ń jẹ́ ti Alhaji. Òun ló fi ń ka tẹ̀sùbáà, òun ló fi ń gbé ife onírin tó ti ń lò láti ìgbà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Kò gbà kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé ife náà. "Ẹni tí wọ́n ń rọ omi sí lẹ́nu," ni ó máa ń wí, "òun àti òròmọdìyẹ tó ń ṣàìsàn, kí ni ìyàtọ̀?"

Láti oṣù Kẹrin ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ ìfọwọ́tẹ̀ náà fúnra rẹ̀. "Tẹ̀ ẹ́ dáadáa, Àwẹ̀ró," bẹ́ẹ̀ ni ó ń fi oríkì pe ọmọ rẹ̀. "Má ṣojo. Ọwọ́ yìí gbọ́dọ̀ dé oṣù Kẹsàn-án."

Inú Kàfáyàtù dùn. Ẹni tó bá ń dá oṣù fún ara rẹ̀, ó ní, kò tíì gbé ẹrù rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Kò bèèrè ohun tó wà ní oṣù Kẹsàn-án. Ó ń tẹ ọwọ́ náà títí òógùn fi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ọjọ́ Àtìnní kan nínú oṣù Keje ni abẹ́rẹ́ gún un. Ó fẹ́ wo ọjọ́ tí yóò lọ síbi iṣẹ́ lára kàlẹ́ńdà tí mọ́sáláṣí pín, tó wà lára ògiri yàrá bàbá rẹ̀. Ó ṣí ewé kan, ó ṣí èkejì, nǹkan sì ta á ní ṣóńṣó ìka. Abẹ́rẹ́ ìránṣọ ni, òwú dúdú wà lójú rẹ̀, wọ́n fi gún ewé oṣù Kẹsàn-án ní àgúnyọ. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kán sórí ìwé náà. Ó bojú wo ẹ̀yìn. Bàbá rẹ̀ ń wò ó láti orí bẹ́ẹ̀dì, kò ṣẹ́jú. Nígbà tó ṣe, ó yíjú sí fèrèsé.

Ara Kàfáyàtù ti gbọ́ kí etí rẹ̀ tó gbọ́. Ó jáde lọ bá Salihat ní ilé ìdáná, níbi tó ti ń jẹ búrẹ́dì ní ìdúró.

"Ta ló ki abẹ́rẹ́ bọ kàlẹ́ńdà?"

"Bàbá ní kí n ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́."

"Kí ló wà ní oṣù Kẹsàn-án?"

Salihat gbé búrẹ́dì sílẹ̀. "Mọ́mì, ẹ jókòó ná."

"Mi ò jókòó. Sọ̀rọ̀."

"Òfin yẹn ni. Èyí tí gómìnà fọwọ́ sí nínú oṣù Kejìlá. Pé ẹni tí dókítà méjì bá ní kò lè lò ju oṣù mẹ́fà lọ mọ́ láyé, tó bá fúnra rẹ̀ bèèrè, wọ́n lè kọ oògùn fún un. Oṣù Kẹsàn-án ló máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́."

"Oògùn kí ni?"

"Mọ́mì. Ẹ mọ̀ ọ́n."

Ó mọ̀ ọ́n. Ó ti ń gbọ́ ọ níbi iṣẹ́ látìgbà òtútù. Àwọn kan ní àánú ni, wọ́n ní ajá tó ń jìyà pàápàá, a kì í wò ó níran. Àwọn kan ní ìpànìyàn ni, wọ́n ní lónìí ẹni tó bá fẹ́, lọ́la arúgbó tó sú àwọn ọmọ rẹ̀. Kàfáyàtù máa ń gbé àwo oúnjẹ kọjá láàárín wọn láì dá sí i. Ó rò pé ọ̀rọ̀ àwọn onílẹ̀ ni, pé kò lè mọ ọ̀nà ilé òun.

"Ta ló sọ fún wọn?"

"Èmi. Wọ́n gbọ́ ọ lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ní kí n kà á fún àwọn. Mo kà á, mo túmọ̀ ẹ̀. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n bi mí pé, 'Ṣé èèyàn fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbé e mu?' Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Òfin ò gbà kí ẹnikẹ́ni bá wọn gbé e sẹ́nu. Ọwọ́ ara wọn ni."

Ọwọ́ ara wọn. Kàfáyàtù wo àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀. Òrí ti àárọ̀ ṣì ń dán lára wọn, ẹ̀jẹ̀ abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀. Oṣù mẹ́rin ló fi ń tọ́ ọwọ́ yẹn, tó ń bọ́ ọ, tó ń kì í, bí ẹni tó ń sin ẹran láì mọ ẹni tí yóò pa jẹ. Ó jókòó.

"Ìwọ Salihat," ó ní, "ìwọ tí bàbá yìí pọ̀n sẹ́yìn rí. O fi ikú hàn án nínú fóònù?"

"Mi ò fi ikú hàn wọ́n. Ikú wà nínú yàrá pẹ̀lú wọn tẹ́lẹ̀. Èmi kàn dáhùn ohun tí wọ́n bi mí ni."

"Ẹ̀ṣẹ̀ ni! Musulumi ni wá!"

"Mo mọ̀. Wọ́n mọ̀. Ẹ rò pé wọn ò mọ̀ ni? Mọ́mì, obìnrin tẹ́ẹ tọ́jú níbi iṣẹ́ ńkọ́, tó ní irú àìsàn yìí? Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé ó ń wò yín bí ẹni tó ń rì sómi, tójú ẹ̀ ṣì mọ yín. Ẹ ò jẹun fọ́jọ́ méjì. Ṣé báyẹn lẹ fẹ́ kí Bàbá lọ?"

"Yunifásítì ti sọ ẹ́ di lọ́yà ikú."

"Ara wọn ni, Mọ́mì."

"Ara ta? Aṣọ àyálò ni ara! Ẹni tó yá wa wọ̀ ló ń bọ́ ọ!"

"Tí aṣọ náà bá wá ń fún èèyàn lọ́rùn pa ńkọ́?"

Ọwọ́ Kàfáyàtù dìde láti gbá a létí, ó sì dúró ní afẹ́fẹ́. Omijé ti kún ojú ọmọ náà. Kì í ṣe ojú aláìgbọràn. Ojú ẹni tí ẹ̀rù ń bà ni, tí kò rí ẹni bá a pín in láti oṣù Kẹrin. Kàfáyàtù sọ ọwọ́ kalẹ̀. Méjèèjì ń gbọ́ bí ife onírin ṣe ń kan àwo nínú yàrá ẹ̀yìn. Bàbá ń mu omi.

Láti ọjọ́ náà, ìró ife yẹn kò jẹ́ kó simi mọ́. Bó bá wà nínú bọ́ọ̀sì, yóò máa gbọ́ ọ. Bó bá ń gbá ilẹ̀ fún arúgbó kan níbi iṣẹ́, yóò gbọ́ ọ, yóò sì dúró. Èrò kan sì wọlé tọ̀ ọ́ wá bí olè tó gba ojú fèrèsé: bí ọwọ́ yẹn bá kú kí oṣù Kẹsàn-án tó dé, òfin náà kò ní rí ibi dì mú. Ó ta gìrì. Ó ní, "Àùsùbíláhì." Ó bọ́jú. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bu òrí bíi ti àtẹ̀yìnwá, ó gbé ọwọ́ bàbá rẹ̀ lé itan, ìka rẹ̀ sì ń rìn lórí awọ bí ẹni tó ń rìn lórí ẹní tí ẹlòmíràn sùn sí. Kò tẹ̀ ẹ́. Ó kàn ń fi òrí ra ọwọ́ náà lásán ni.

Ó ki oríkì náà, ṣùgbọ́n ó yára, ó sì fo ẹsẹ̀ tó gbẹ̀yìn, èyí tó ní kí Àlàní dìde.

Bàbá rẹ̀ wò ó. "Ó ti tán?"

"Ó ti tán, Bàámi. Mo fẹ́ tètè lọ síbi iṣẹ́."

"Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ."

Àdúrà yẹn dùn ún ju èébú lọ. Nínú bọ́ọ̀sì, ó ń bi ara rẹ̀ léèrè: ta ló ń pa ta báyìí? Bàbá ń tọ́jú ọwọ́ kó lè pa ara rẹ̀. Ọmọ ń pa ọwọ́ kí bàbá má baà kú. Èwo ni Ọlọ́run yóò kọ́kọ́ bèèrè? Ó fẹ́ bi ààfáà, ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe bi ààfáà nípa ẹni tó ti ní ó wà ní Ìwó?

Ní ọjọ́ Àlàmísì, Jeremy dé pẹ̀lú irin kékeré tí wọ́n fi ń wọn agbára ọwọ́. Ó ní kí bàbá di irin náà mú, kó fún un. Bàbá fún un, ojú rẹ̀ pọ́n, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. Jeremy wo nọ́ńbà náà, ó ní kó tún un fún, ó tún un wò. "Mọ́kànlá ni lọ́sẹ̀ tó kọjá," ó ní. "Méje ni báyìí."

Bàbá di ojú.

Kàfáyàtù sin Jeremy dé ẹnu ọ̀nà, ó fà á ní apá aṣọ. "Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ kò bá tẹ̀ ẹ́ dáadáa ńkọ́? Ṣé ìyẹn lè fà á?"

"Rárá o," ni Jeremy wí jẹ́jẹ́. "Ìfọwọ́tẹ̀ yín ń jẹ́ kí oríkèé rọ̀, ó sì ń fi í lọ́kàn balẹ̀. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ń di agbára mú. Àìsàn náà ló ń rìn. Ẹ má dá ara yín lẹ́bi."

Ó yẹ kí ọkàn rẹ̀ fúyẹ́. Kò fúyẹ́. Bí òótọ́ ni Jeremy sọ, kò sí ohun tí ọwọ́ òun lè dá dúró, ìbáà jẹ́ ti rere ìbáà jẹ́ ti búburú. Bí irọ́ ló sọ láti tù ú nínú, á jẹ́ pé òun ti jí ìwọ̀n mẹ́rin lára bàbá òun. Èyíkéyìí tó bá dì mú, ẹ̀rù ló wà nídìí rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Daud kan ilẹ̀kùn. Daud ni ọ̀rẹ́ Alhaji tó pẹ́ jù lọ ní ìlú yìí, ọmọ Ìwó bíi tirẹ̀, ẹni àádọ́rin ọdún ó lé mẹ́ta tó ṣì ń wa takisí ní pápákọ̀ òfuurufú. Ilé rẹ̀ wà ní Des Plaines, ìlú kan nítòsí, ìdí nìyẹn tí Salihat fi ń pè é ní Bàbá Des Plaines. Àpò ọ̀rá kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Salihat ti lọ sí ilé ìkàwé. Kàfáyàtù nìkan ló wà nílé. Ó kúnlẹ̀ kí i.

"Dìde, dìde, ìyá Salihat. Níbo ni Télọ̀ wà? Ṣé kò tíì dé ni?"

"Wọn ò tíì dé, Bàbá."

"Oṣù mẹ́jọ! Ìyàwó kékeré ló fẹ́ ní Ìwó, àbí? Sọ òótọ́ fún mi. Mùsílíù tí eyín rẹ̀ kò ju mẹ́sàn-án lọ!" Ó rẹ́rìn-ín, ó já jókòó sórí àga, ó fa agbádá funfun kan yọ nínú àpò ọ̀rá. Ọrùn rẹ̀ ya. "Wo ohun tí wọ́n fi aṣọ mi ṣe. Mo gbé e fún télọ̀ kan nígbooro, ó rán an bí ẹni rán ẹnu àpò sìmẹ́ńtì. Mo ní kò burú, n ó dúró de ẹni tó ni iṣẹ́. Ìgbà wo ni yóò dé?"

"Láìpẹ́, Bàbá. Lágbára Ọlọ́run."

"Láìpẹ́ lo wí lọ́jọ́ iléyá." Ẹ̀rín kúrò lójú Daud díẹ̀díẹ̀. "Fóònù rẹ̀ kì í lọ. Mo bèèrè lọ́wọ́ àwọn ará ilé ní Ìwó, wọ́n ní àwọn kò fojú kàn án. Kàfáyàtù, ṣé mo ṣẹ̀ ẹ́ ni? Bí mo bá ṣẹ̀ ẹ́, kó sọ fún mi, kí n wá dọ̀bálẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé Mùsílíù ti kú..."

"Áà! Bàbá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀!"

"Bó bá jẹ́ pé ó ti kú, sọ ọ́ fún mi. Kí n mọ irú àdúrà tí n ó máa gbà fún un. Mi ò mọ̀ bóyá kí n tọrọ àlàáfíà ni tàbí àforíjì."

Ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an, irin kan balẹ̀ gbàǹgàlà nínú yàrá ẹ̀yìn, ó yí lọ lórí pákó, ó gbá ilẹ̀kùn, ó dúró.

Daud gbé orí sókè. "Kí nìyẹn?"

"Ológbò ni."

"Ológbò? Ìwọ tí o sá jáde nílé mi lọ́jọ́sí nítorí ológbò?"

Kàfáyàtù ń wo ilẹ̀. Daud wo ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn pẹ́. Ṣùgbọ́n àgbà tó bá mọ ìwà kì í ṣí ilẹ̀kùn onílé. Ó dìde, ó fi agbádá tó ya náà sórí àga. "Bó bá dé," ó ní, "fún un." Ó jáde láì wẹ̀yìn.

Kàfáyàtù sáré wọ yàrá. Ife onírin wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, omi ti tú láti bẹ́ẹ̀dì dé ibẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń mí gúlegúle. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ já wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìka rẹ̀ ṣí sílẹ̀ bí ìbọ̀wọ́ tí kò ní ọwọ́ nínú.

"Ó bọ́ lọ́wọ́ yín, Bàámi? Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ pẹ̀lẹ́."

"Kò bọ́." Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń fà láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó ń jáde ẹyọ ẹyọ. "Mo jù ú."

Ó gbé ọwọ́ náà lé itan. Ìka rẹ̀ kò ká. Ó fi ìka tirẹ̀ sáàárín ìka bàbá rẹ̀, ó dúró kí wọ́n dì í mú díẹ̀. Wọn kò dì í mú.

"Gbogbo ohun tí mo ti ń tọ́jú," ni bàbá wí. "Òun ni mo fi jù ú. Ṣé ológbò ni mí, Àwẹ̀ró?"

Kàfáyàtù wólẹ̀ sórí eékún nínú omi tó tú. "Ẹ dárí jì mí. Àṣírí yín ni mò ń bò."

"Àṣírí wo? Mo jalè ni?" Ó mí, ó dúró, ó tún mí. "Ògiri yìí, pákó lásán ni. Gbogbo wọn ni mo gbọ́. Ẹni tó wá lọ́jọ́ iléyá. Ẹni tó mú oyin wá. O ń sọ fún wọn pé mi ò sí. O ti sin mí sí Ìwó, o wá ń wẹ òkú mi láràárọ̀."

"Mo rò pé... Mo rò pé ẹ̀sín tó ń dùn yín ni pé èmi obìnrin ń wẹ̀ yín. Mo rò pé òun lẹ fi ki abẹ́rẹ́ bọ ìwé."

"Ìyẹn ń tì mí lójú. Ṣùgbọ́n o máa ń yíjú sí ògiri. Mo ń rí i, mo ń súre fún ẹ." Omijé ń ṣàn láti ojú rẹ̀ lọ sí etí, kò sí ọwọ́ tí yóò fi nù ún. "Ẹni tó ti kú lójú ọ̀rẹ́ rẹ̀, kí ló ń dúró ṣe?"

Ó ti kọjá ohun tí Kàfáyàtù lè gbé mì. Gbogbo rẹ̀ tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. "Bàámi, ọjọ́ márùn-ún ni mi ò tẹ ọwọ́ yín. Mo ń pa òrí lásán ni. Mo fẹ́ kó kú kí oṣù náà tó dé. Èmi ni mo ṣe é. Èmi ni."

Alhaji Mùsílíù pa ojú dé. Nígbà tó là á, ohun kan tó jọ ẹ̀rín ti wà ní igun ẹnu rẹ̀. "Ọgọ́ta ọdún ni mo fi ránṣọ. O rò pé mi ò ní mọ ọwọ́ tó ń ránṣọ yàtọ̀ sí ọwọ́ tó kàn ń ra aṣọ lára?"

"Ẹ mọ̀? Kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀?"

"Èmi náà ń ṣe tèmi lábẹ́lẹ̀. Olè méjì kì í pe ara wọn lẹ́jọ́."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló já. Ó fi orí lé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Ẹ̀rù ń bà mí, Bàámi. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rù. Bí mi ò bá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rù. Bí ẹ bá mu ún, báwo ni n ó ṣe kírun sí yín lára? Bí ẹ ò bá mu ún, báwo ni n ó ṣe dúró wo ọjọ́ yẹn?"

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà." Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ní láti sún etí mọ́ ọn. "Kì í ṣe ikú. Aṣọ tí kò tíì parí pàápàá, ẹni tó ni ín yóò wá gbà á. Ọjọ́ tí èémí máa há ni mò ń bẹ̀rù. Kí ó há, kí n máa gbọ́ ohùn àwọn èèyàn mi ní pálọ̀, kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín, kí wọ́n máa bèèrè mi. Kí n má lè dáhùn. Òru àti ọ̀sán ni mò ń rí ọjọ́ yẹn. Abẹ́rẹ́ yẹn ni mo fi ń sá fún un."

Kàfáyàtù dìde. Ó lọ dúró níwájú kàlẹ́ńdà, ó di orí abẹ́rẹ́ náà mú láàárín ìka méjì. "Ẹ jẹ́ kí n yọ ọ́, Bàámi. Ẹ ní kí n yọ ọ́."

"Fi í síbẹ̀ ná."

"Bàámi!"

"Mi ò ṣèlérí nǹkan kan fún ẹ. Mi ò mọ̀, Àwẹ̀ró. Mo ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run kó jẹ́ kí n mọ̀, kò tíì dáhùn." Ó ń tẹ́tí sí ìta. Ojú rẹ̀ yí sí fèrèsé. "Mọ́tò Daud. Mi ò gbọ́ kó lọ."

Kàfáyàtù fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó yọjú. Òótọ́ ni. Takisí náà ṣì wà ní etí títì lábẹ́ igi, wọn kò tíì ṣíná sí i. Daud jókòó sínú rẹ̀, ó tẹrí ba sórí ọwọ́ ìtọ́kọ̀, tẹ̀sùbáà so rọ̀ láàárín ìka rẹ̀, èjìká rẹ̀ ń mì. Bí Kàfáyàtù bá jáde báyìí, gbogbo mọ́sáláṣí ni yóò gbọ́ kí ìrun Jímọ̀ tó dé. Wọn yóò gbọ́ àìsàn, wọn yóò gbọ́ irọ́ oṣù mẹ́jọ, bóyá wọn yóò tilẹ̀ gbọ́ ti abẹ́rẹ́. Ìka rẹ̀ di aṣọ fèrèsé mú bí ẹni tó fẹ́ ṣubú.

Lẹ́yìn rẹ̀, bàbá rẹ̀ kó èémí jọ, ó fi gbogbo rẹ̀ sọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

"Sáré jáde, ọmọ mi. Lọ sọ fún Daud pé mo wà nílé."